Ẹsẹ̀ Tí Yóò Sáré Lọ́la

Kóòṣì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn pápá ọkọ̀ òfurufú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, ó ń pín sìlípáàsì onírọ́bà fún àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tó kó wá sáré. Aláwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò tó wọ kóòtù ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọ́n á wò, wọ́n á tún bojú wẹ̀yìn wò.

"Ẹ wọ̀ ọ́ lé ìbọ̀sẹ̀," ni Kóòṣì wí. "Ìrọ̀lẹ́ ni bàálù wa kejì máa tó gbéra. Wọ́n ti ní ká jáde lọ wo ìlú, ká ṣáà ti padà kí oòrùn tó wọ̀. A ó wo ìlú o, ṣùgbọ́n ojú la ó fi wò ó, a ò ní fi ẹsẹ̀ wò ó. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìjókòó. Létí odò, ìjókòó. Ibi tí ìjókòó ò bá sí, a ò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí yóò sáré lọ́la ò gbọdọ̀ mọ̀ pé òun rìn lónìí."

Àwọn ìbejì wọ tiwọn. Ọmọ Télọ̀ wọ tirẹ̀. Ìgbín wọ tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní bàtà wúrà. Àfẹ́fẹ́ nìkan ni kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ń wò ó nílẹ̀ bí ẹni tó ń wo òkú eku.

Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àfẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá sáré kọjá, eruku nìkan lèèyàn ń rí. Orúkọ náà sì ti wọ̀ ọ́ lórí. Bó bá ń lọ pọnmi lásán, á máa rìn bí ẹni tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ aláṣọ, ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́ tán, ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀rẹ́ Àfẹ́fẹ́ bá béèrè iṣẹ́ ìyá rẹ̀, á ní ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ.

Eré ìje ọ̀pá ni wọ́n ń lọ sá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èyí tí ọmọ mẹ́rin ń sá, tí oníkálukú á fi ọ̀pá lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Àwọn ìbejì ni àkọ́kọ́ àti ìkejì, Ọmọ Télọ̀ ni ìkẹta, Àfẹ́fẹ́ ló ń parí rẹ̀. Ìgbín ni ìkarùn-ún, adèlé tí wọ́n mú dání bóyá nǹkan á ṣe ẹnì kan, nǹkan ò sì tíì ṣe ẹnikẹ́ni rí. Ẹgbẹ́ mẹ́ta tó bá ṣíwájú, ilé ẹ̀kọ́ àwọn eléré ìdárayá máa gba gbogbo ọmọ inú wọn wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, títí wọn ó fi jáde ìwé mẹ́wàá. Ọmọ Télọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ò bá gbà á, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń bọ̀.

Àfẹ́fẹ́ fọwọ́ di ikùn mú. "Kóòṣì, inú ń run mí. Ẹ jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ síbí."

Kóòṣì wò ó. Obìnrin náà ti fìgbà kan jẹ́ eléré ìje. Ara ti wá bo eléré ìje náà mọ́lẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń sáré. "Inú wo? Èyí tó jẹ búrẹ́dì tìrẹ, tó tún jẹ ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú bàálù?"

"Bóyá búrẹ́dì yẹn náà ni, mà."

"Á jẹ́ pé búrẹ́dì náà gbọ́n. Ó dáa, sùn. Lọ́la ju òní lọ. Àmọ́ mi ò ní fi ìwọ nìkan sílẹ̀ níbí."

Àwọn ìbejì wo sìlípáàsì wọn. Lẹ́yìn náà ni ohùn tín-ín-rín kan jáde: "Ẹ jẹ́ kí èmi dúró tì í, Kóòṣì."

Ìgbín ni. Gbogbo wọn wò ó, nítorí wọ́n mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Láti ilé ni Ìgbín ti ń pariwo afárá kan tó wà ní ìlú yìí, afárá onírin tó ń la sí méjì, tó ń na apá sókè kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè kọjá. Inú ìwé ilé ìwé ló ti rí àwòrán rẹ̀. Kò rò pé òun máa fojú kàn án láyé.

"O káre," ni Kóòṣì wí, ó gbé ara rẹ̀ dìde nílẹ̀ pẹ̀lú ìkérora, ó kó àwọn yòókù, wọ́n wọ́ sìlípáàsì lọ, wọ́ọ́wọ́ọ́wọ́ọ́, bí agbo pẹ́pẹ́yẹ.

Àfẹ́fẹ́ dúró títí wọ́n fi pẹ̀yìn dà. Ó fa báàgì rẹ̀ wọ ilé ìtọ̀. Nígbà tó jáde, Ìgbín ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ṣòkòtò tó fún mọ́ ọn lára ló wọ̀, ó kun ètè, ó sì gun orí bàtà gogoro pupa kan tó tọrọ lọ́wọ́ onídìrí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, tó fi ìborùn wé sí ìsàlẹ̀ báàgì. Ẹ̀yìn bàtà náà ga, ó sì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí bá gun irú rẹ̀, ilẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà mí.

"Ibo lò ń lọ?" ni Ìgbín bi í.

"Mò ń lọ wo ìlú. Ṣé ojú orun ni wọ́n ti ń wo ìlú ni?"

"Inú tó ń run ẹ́ ńkọ́?"

"Ìlú ni oògùn ẹ̀."

Ìgbín wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàtà yìí ò gbà ẹ́. Gìgísẹ̀ ẹ wà níta."

"Ìgbà wo nìgbín ní gìgísẹ̀ tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ gìgísẹ̀?"

"Kóòṣì ní ká má ṣe..."

"Kóòṣì, Kóòṣì. Obìnrin tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi táwọn èèyàn gidi ń gbà kọjá. O fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i pé mo dé ìlú ńlá, kí wọ́n bá mi nínú sìlípáàsì ìwẹ̀? Ìwọ máa ṣọ́ báàgì. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú ẹ wá náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìgbín lára. Ó kàn ń fi ọwọ́ pa okùn báàgì. "Bó o bá dé etí odò," ló wí nígbẹ̀yìn, "jọ̀ọ́ bá mi wo afárá yẹn. Wò ó dáadáa, kó o lè wá ròyìn ẹ̀ fún mi."

"Mo ti gbọ́," ni Àfẹ́fẹ́ wí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Ìlú náà tóbi, ó sì tutù. Òkúta róbótó-róbótó ni wọ́n fi tẹ́ àwọn òpópónà àárín rẹ̀, òkúta tí ẹsẹ̀ àwọn baba ńlá ti tẹ̀ dán. Sìlípáàsì ì bá rìn ín bí ẹní rin orí ẹní. Bàtà gogoro ò lè rìn ín. Ẹsẹ̀ kan á há sáàárín òkúta, èkejì á yẹ̀, Àfẹ́fẹ́ á mi bí igi ìbẹ́pẹ nínú ìjì, á sì tún gbé àgbọ̀n sókè kí ẹni tó ń wò má bàa mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ó. Àwọn ará ìlú ń lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Kò wo ohunkóhun tó kọjá. Ọkùnrin kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń tún aago tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ ṣe. Àfẹ́fẹ́ ní òórùn òróró ń yọ òun lẹ́nu. Obìnrin arúgbó kan ń ju èérún búrẹ́dì fún ẹyẹ, ẹyẹ sì bà sí i lórí, léjìká, lápá, títí tó fi dà bí igi eléso. Àfẹ́fẹ́ ní ìyẹn ń ṣe wèrè. Ohun tó ń wá ni ibi tó máa dúró tì ya fọ́tò.

Ó rí i. Ilé olókùúta kan, àtọdúnmọ́dún, tó ní òpó ńláńlá níwájú àti àtẹ̀gùn gíga. Àwọn èèyàn tò síwájú rẹ̀ lórí ìlà, wọ́n ń wọlé ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àfẹ́fẹ́ gun àtẹ̀gùn náà dókè, ó fi ẹ̀gbẹ́ ti òpó, ó na fóònù sí ọkùnrin kan lórí ìlà pé kó bá òun yà á. Ọkùnrin náà ń fi ẹsẹ̀ kan gun èkejì, ojú rẹ̀ le koko, ó tẹ fóònù náà lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sí i lọ́wọ́, ó sáré wọlé. Àfẹ́fẹ́ ní àwọn ará ìlú yìí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé lójú ẹsẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Èmi rèé láàfin ọba."

Ìgbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, awọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ ti wú, omi ti kún inú rẹ̀. Ó yẹ kó padà. Ara rẹ̀ sọ fún un pé kó padà, ó sì gbọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ti ń dún gbì-gbì-gbì. "Ọmọ ọba!" "A ò jọ mọ́ o." "Fi òmíràn ránṣẹ́." Etí tó bá ti gbọ́ ìyìn kì í gbọ́ ti ẹsẹ̀ mọ́. Ó tiro lọ sétí odò.

Ó fẹ̀yìn ti irin etí odò, ó na fóònù sókè, ó ń wá bí ètè òun ṣe máa rí. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Lójijì, gbogbo èèyàn tó wà létí odò dúró. Wọ́n ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu wọn là, àwọn ọmọdé ń nàka, àwọn mìíràn ń pàtẹ́wọ́. Orí Àfẹ́fẹ́ wú. Ó ní ìgbà yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹni tó dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, ó tún tẹ fóònù, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni afárá onírin náà ti la sí méjì, tó na apá rẹ̀ sójú ọ̀run, tí ọkọ̀ ojú omi funfun kan tó ga ju ilé lọ sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tó fi padà dé gbọ̀ngàn, omi gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bẹ́, awọ ti bó, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti pọ́n bí ata. Ó bọ́ bàtà, ó fi ìborùn wé e, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ó wá wọ sìlípáàsì tó kọ̀ láàárọ̀. Kóòṣì ò tíì dé. Ìgbín jókòó síbi tó fi í sí, ó fi ẹsẹ̀ lé báàgì mẹ́fà.

"Ṣé o rí afárá yẹn?"

"Afárá wo?"

Ìgbín gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí báàgì. "Èyí tí mo bẹ̀ ẹ́."

"Áà. Etí odò kan náà ni mo wà. Wò ó nínú fọ́tò." Ó ju fóònù sí i.

Ìgbín ń yí fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú Àfẹ́fẹ́. Ojú Àfẹ́fẹ́. Ètè Àfẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù náà súnmọ́ imú, ó fi ìka tọ́ igun kan. Irin ṣóńṣó kékeré kan yọ síbẹ̀, ó kọrí sójú ọ̀run. "Òun rèé," ló wí. "Etí ẹ ló bò ó."

Ó dá fóònù padà fún un.

Àwọn yòókù dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú irin yí ìlú po, wọ́n ti jókòó ti arúgbó ẹlẹ́yẹ yẹn, ẹyẹ ti bà lé Kóòṣì lórí, ó sì ti ṣe ohun tí ẹyẹ ń ṣe síbẹ̀. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ tó ń rẹ́rìn-ín jù. Ó tún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó jókòó sí láàárọ̀, ó yọ ìgò òróró kékeré kan, ó na itan.

"Ó yá, ẹsẹ̀ dà?"

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ tó bá ku ọ̀la kí wọ́n sáré. Kóòṣì á gbé ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan lé itan, á yẹ èékánná wò, á yẹ àárín ìka wò, á fi òróró wọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí ibi tí kì í ti í ṣe é. Àwọn ìbejì kọ́kọ́ na tiwọn, Ọmọ Télọ̀ tẹ̀lé e.

"Tèmi dáa, Kóòṣì," ni Àfẹ́fẹ́ wí. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó dáa. Gbé e wá."

"Inú tó ń run mí..."

"Ṣé ẹsẹ̀ ló wà nínú ikùn ẹ ni? Gbé e wá."

Kóòṣì fa ìbọ̀sẹ̀. Kò wá. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Ó bu omi sí i, ó fà á díẹ̀díẹ̀, Àfẹ́fẹ́ sì ké. Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ náà jáde, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kóòṣì yí ẹsẹ̀ náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tí wọ́n ta ẹran bíbàjẹ́ fún.

"Inú tó ń run ẹ́ yìí mà lágbára o," ló wí. "Ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé gìgísẹ̀."

Àfẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Fóònù rẹ̀ tún dún nílẹ̀, fọ́tò yẹn sì yọ sójú rẹ̀ gbàgàdà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Àbí ojú mi ni? Kóòṣì, ẹ wá wo ilé ìtọ̀ tá a tò sí lẹ́ẹ̀kan."

"Ilé ìtọ̀ wo?"

"Èyí tó ní òpó yẹn. Tí ẹ ní ìtọ̀ ti ń gbọ̀n yín lórí ìlà. Ó ní ààfin ọba ni."

Ẹ̀rín pa àwọn ìbejì, ó pa Kóòṣì náà, tipátipá ló fi mú ojú rẹ̀ le padà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Àfẹ́fẹ́ ò tiẹ̀ lọ jìnnà, ilé ìtọ̀ ni òtítọ́ ti dúró dè é. Ọmọ Télọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo gìgísẹ̀ bíbó náà.

"Bàbá mi ti gbé ẹ̀rọ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé," ló wí.

Ìgbín ló rọ́pò Àfẹ́fẹ́ parí eré náà lọ́jọ́ kejì. Bàtà eré ìje ò wọ ẹsẹ̀ Àfẹ́fẹ́ rárá. Ibi tí wọ́n ti ń wòran ló jókòó sí, ó gbé sìlípáàsì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lé itan. Ìbejì àkọ́kọ́ ṣe dáadáa, èkejì gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹní gba omi. Ọmọ Télọ̀ sáré bí ẹni tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń lé. Ipò kejì ni wọ́n wà nígbà tí ọ̀pá dé ọwọ́ Ìgbín, Ìgbín sì gbá ọ̀pá náà mú, ó ṣorí kunkun, ó sá a bí kò ṣe sá a rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹnì kan kọjá rẹ̀. Ó di ìkẹta mú, ó dì í mú, ó dì í mú, nígbà tí wọ́n wá dé ibi okùn gan-an, ọmọ kan láti ẹgbẹ́ mìíràn ti àyà síwájú.

Wọ́n ṣe ìkẹrin.

Kóòṣì gbé Ìgbín nílẹ̀ níbi tó ṣubú sí, ó gbá a mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gun igi," ló wí. "Ìwọ sáré gùn ún. Gbogbo agbára ẹ lo lò, kò sì sẹ́ni tó lè bi ẹ́ ní ìyókù." Nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ Àfẹ́fẹ́, ó kàn na ọwọ́ gba sìlípáàsì. Kò wo ojú rẹ̀.

Ìlú yẹn kan náà ni bàálù tún já wọn sí nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, wọ́n sì tún ní wákàtí gbọgbọrọ láti dúró. Kóòṣì tún pín sìlípáàsì.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣọ́ báàgì," ni Àfẹ́fẹ́ wí.

"Ta ló ní ká bẹ̀ ẹ́?" ni Kóòṣì fèsì. "A ti pín iṣẹ́ yẹn fún ẹ kó o tó jí."

Ọmọ Télọ̀ ní òun ò fẹ́ wo ìlú kankan, òun náà á dúró. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí Àfẹ́fẹ́. Àfẹ́fẹ́ sún mọ́ ọn.

"Má bínú sí mi."

"Sọ fún ẹ̀rọ ìránṣọ."

Àfẹ́fẹ́ padà sídìí báàgì. Kò sí fọ́tò láti yà, kò sí bàtà láti fi ṣe fújà. Ó mú fóònù rẹ̀, ó wo ilé olópòó náà títí. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń pè é ní ọmọ ọba: "Ilé ìtọ̀ ni ilé yẹn. Mi ò mọ̀, nítorí mi ò béèrè. Nítorí fọ́tò yẹn, ẹsẹ̀ mi bó, a ò wọlé." Èsì tó wọlé ò dùn ún kà. Ó kà á tán.

Kí oòrùn tó wọ̀, Kóòṣì kó àwọn tó lọ dé, Ìgbín ló ṣíwájú. Irun rẹ̀ tú, atẹ́gùn odò ti gbẹ ètè rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi í.

"Aago kan ló kọ́kọ́ dún. Wọ́n wá fi irin dínà, mọ́tò dúró. Ẹ̀yin èèyàn, ilẹ̀ tí mọ́tò ń rìn lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló dìde dúró. Òun fúnra ẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi fa ìlà sójú títì, mo rí i, ó dúró gbọnrangandan bí ìlà lára ògiri. Ẹyẹ tó sùn sábẹ́ ẹ̀ tú jáde. Ọkùnrin kan wà nínú yàrá gíláàsì kékeré lókè, òun ló ń ṣí i, ó ń jẹ ẹ̀pà."

Ọmọ Télọ̀ ti yí ojú padà díẹ̀, láìmọ̀.

"Fọ́tò ẹ̀ dà?" ni Àfẹ́fẹ́ bi í.

"Mi ò yà á. Ọwọ́ mi méjèèjì ló di irin mú."

Àfẹ́fẹ́ rẹ orí sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, tún un sọ. Láti ibi tí aago ti dún."

Ìgbín tún un sọ. Àfẹ́fẹ́ ti dúró síbi afárá yẹn rí, kò jìnnà sí i ju bí èèyàn ṣe jìnnà sí ògiri yàrá rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ló ti wá ń rí i.

Kóòṣì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ wò ó," ló wí fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Àfẹ́fẹ́ ló dojú kọ. "Ẹni tó bá dé ìlú torí kí wọ́n lè rí òun, kò ní rí ìlú náà, àwọn ará ìlú ò sì ní rí i. Ẹsẹ̀ tó bá sì ń ṣiṣẹ́ fún èèyàn mẹ́rin, kì í ṣe ti ẹnì kan tó lè fi ṣe yàngàn. Mo máa lọ bá télọ̀ náà fúnra mi, bó bá fẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ gún mi. Eré mìíràn wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé la ó bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tó yá, Àfẹ́fẹ́ dìde, ó tiro wá síwájú gbogbo àwọn èèyàn tó wọ kóòtù tó ń kọjá. Kò dúró kí wọ́n pè é. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan Kóòṣì.

Kóòṣì wò ó, ó wo ẹsẹ̀ náà. Ó fún imú pọ̀.

"Ó ń rùn," ló wí, ó sì ṣí ìgò òróró.